Ṣé O Mọ̀ Pé Irin Ojú Ọ̀run Ti Já Bọ́ sí Côte d'Ivoire Rí?

Ìwọ tí o wà ní Zone 4 ní Abidjan, bóyá o ń dúró de takisí létí Boulevard de Marseille, tàbí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìsọ̀ ará Èjìgbò kan ní Treichville dé, gbójú sókè díẹ̀. Lókè yẹn, níbi tí ojú kò dé, irin pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní. Àwọn kan ń ṣiṣẹ́ fún ọ. Àwọn tó pọ̀ jù ti kú, wọn kò sì kúrò lójú ọ̀nà. Mo ti ṣa ìyanu wọn jọ, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó já bọ́ sí tòsí wa

Ṣé o mọ̀ pé pàǹtí òfurufú ti já bọ́ sí Côte d'Ivoire? Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún, ọdún 2020, páìpù irin kan tó gùn tó nǹkan bíi mítà 12 balẹ̀ sí abúlé Mahounou, lẹ́bàá Bocanda, ní agbègbè N'Zi.

Fojú inú wo mítà 12 náà! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó bọ́ọ̀sì ńlá tó ń kó èrò láti Èjìgbò wá sí Abidjan. Ọlọ́run ló yọ àwọn ará abúlé náà: kò sí ìròyìn pé ó pa ẹnikẹ́ni.

Ta ló ni ín? Gbogbo àmì tọ́ka sí rọ́kẹ́ẹ̀tì Long March 5B tí Ṣáínà yìn láti Wenchang, ní erékùṣù Hainan, ní ọjọ́ 5 oṣù kan náà. Ọjọ́ mẹ́fà péré ni ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì náà fi yí ayé ká kó tó já.

Ṣé o mọ bí ó ti wúwo tó kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í jóná? Ó tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 20, gígùn rẹ̀ sì ju mítà 30 lọ. Láti ìgbà tí ibùdó òfurufú Salyut 7 ti àwọn Sófíẹ́tì ti já ní 1991, kò sí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó já, títí di ọjọ́ náà, láìsí ẹni tó mú ìjánu rẹ̀ dání.

Ṣé o rántí ibi tí o wà ní aago mẹ́ta ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú 33 lọ́jọ́ náà? Ìgbà náà gan-an ló wọ inú afẹ́fẹ́ ayé lókè Òkun Àtìláńtíìkì, lápá ibi tí Mọriténíà wà.

Kí ni ì bá ṣẹlẹ̀ ká ní ó tètè já díẹ̀? Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti kọjá lókè Los Angeles, ó sì ti kọjá lókè Central Park ní New York. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni àwọn ará ìlú ńlá wọ̀nyẹn fi bọ́, tí ó fi wá kan àwọn ará Mahounou.

O rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni? Irú rọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà já sí Òkun Íńdíà nítòsí Maldives ní oṣù Karùn-ún 2021, òmíràn sì fi iná ya ojú ọ̀run Màlésíà ní oṣù Keje 2022. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, Sípéènì ní kí bàálù má gba apá kan ojú òfurufú rẹ̀ fúngbà díẹ̀, nítorí pé ẹ̀kẹrin wọn ń bọ̀.

Kẹ́ńyà náà ti jẹ nínú rẹ̀! Ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá 2024, òrùka irin kan tó fẹ̀ tó mítà 2.5, tó sì wúwo tó nǹkan bíi kílò 500, já sí abúlé Mukuku ní Makueni. Àjọ òfurufú Kẹ́ńyà ló wá gbé e.

Ṣé o mọ̀ pé a kò jọ ń pín ewu yìí dọ́gba? Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ láti Kánádà gbé jáde nínú ìwé Nature Astronomy ní 2022 sọ pé ewu kí ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì já sí ìlà ìbú ayé tí Èkó wà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ìlà tí New York, Beijing àti Moscow wà. Abidjan rèé, ó tilẹ̀ tún sún mọ́ agbedeméjì ayé ju Èkó lọ.

Pàǹtí òfurufú ti kan ènìyàn rí, ṣé o gbọ́? Obìnrin kan ń najú ní Tulsa, ní Amẹ́ríkà, ní oṣù Kìíní 1997, nígbà tí ohun fẹ́lẹ́ kan bà á léjìká. Wọ́n ní àfọ́kù rọ́kẹ́ẹ̀tì Delta II ni. Kò ṣe é léṣe.

Kí ló kún ibẹ̀ báyìí?

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ tí sátẹ́láìtì bẹ̀rẹ̀ gan-an ni pàǹtí bẹ̀rẹ̀? Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 1957, Sputnik 1 nìkan kọ́ ló gòkè: ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó gbé e lọ náà ń yí ayé ká lẹ́yìn rẹ̀. Òun gan-an ni ọ̀pọ̀ ènìyàn rí lójú sánmà tí wọ́n ń pariwo pé àwọn rí Sputnik.

Èwo ló dàgbà jù nínú àwọn tó ṣì wà lókè? Vanguard 1 ti Amẹ́ríkà ni, tó gòkè ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta 1958, kí Togo, Benin, Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà tó gba òmìnira ní 1960. Kò wúwo ju kílò kan ààbọ̀ lọ, rédíò rẹ̀ ti dákẹ́ láti 1964, síbẹ̀ ó ń yí lọ láìsinmi.

Jẹ́ ká kà wọ́n wò. ESA, àjọ òfurufú Yúróòpù, fojú bù ú pé àwọn pàǹtí tó ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ti lé ní 40,000. Àwọn tó wà láàárín sẹ̀ǹtímítà kan sí 10 ju mílíọ̀nù kan lọ, àwọn wínníwínní tó ju mílímítà kan lọ sì ju 100 mílíọ̀nù lọ!

O rò pé èyí tó tóbi jù ló léwu jù? Rárá o. Èyí tó tóbi, wọ́n ń rí i, wọ́n sì ń yà fún un. Èyí tó kéré bí èékánná máa ń bọ́ mọ́ ẹ̀rọ asọ́nà lójú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí asà tó lè dí i.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń sáré tó? Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n ti rin nǹkan bíi kìlómítà 7.8: láti òkè Zone 4 dé òkè Èkó, kò tó ìṣẹ́jú méjì. Ìwọ tí o ti tò ní bọ́dà Noé, Aflao àti Sèmè rí, bá mi rò ó!

Ọ̀dà lásán fọ́ gíláàsì ọkọ̀ òfurufú, ṣé ó yà ọ́ lẹ́nu? Ní oṣù Kẹfà 1983, èérún ọ̀dà tí kò tó mílímítà kan gbá fèrèsé ọkọ̀ Challenger, ó sì gbẹ́ kòtò sí i lára. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n ní láti pààrọ̀ fèrèsé náà.

Ìbọ̀wọ́ náà di pàǹtí! Nígbà tí Ed White di ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó rìn lóde òfurufú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹfà 1965, ìbọ̀wọ́ kan yọ gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àpò irinṣẹ́ ńkọ́? Heidemarie Stefanyshyn-Piper ń tún ibùdó òfurufú àgbáyé, ISS, ṣe ní oṣù Kọkànlá 2008 nígbà tí àpò rẹ̀ já gbà, ó sì yí ayé ká títí di oṣù Kẹjọ 2009 kó tó jóná. Ní 2023, òmíràn tún bọ́ lọ́wọ́ àwọn méjì míì, àwọn tó ní awò-ọ̀nàjíjìn kékeré sì ń rí i láti ilẹ̀!

Gbọ́ èyí, kí o sì di orí rẹ mú: ní 1963, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ da abẹ́rẹ́ bàbà 480 mílíọ̀nù sójú ọ̀run. Wọ́n fẹ́ kí ohùn rédíò máa gbá wọn padà wá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti já, àmọ́ díẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ra wọn ṣì wà lókè títí dòní.

Ṣé o mọ̀ pé bí irin bá ṣe ga tó ni ọjọ́ rẹ̀ ṣe ń gùn tó? Èyí tó wà ní kìlómítà 400 lè já láàárín ọdún díẹ̀. Èyí tó wà ní 800 lè lo ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, èyí tó sì wà ní 36,000 kò ní wálé mọ́.

Envisat rèé, sátẹ́láìtì Yúróòpù tó wúwo tó tọ́ọ̀nù mẹ́jọ. Ó dákẹ́ lójijì ní oṣù Kẹrin 2012, wọ́n sì ní ó lè tó 150 ọdún kó tó já. Ọmọ ọmọ ọmọ rẹ yóò bá a níbẹ̀!

Ṣé o mọ̀ pé ISS máa ń sá fún pàǹtí? Ó ti ju ìgbà 30 lọ tí wọ́n ti gbé gbogbo ibùdó náà, tó wúwo ju tọ́ọ̀nù 400 lọ, kúrò lójú ọ̀nà kí irin tó ń bọ̀ lè kọjá.

Ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra?

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láìfara kanra. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kejì 2009, ó fara kanra: Iridium 33 ti Amẹ́ríkà àti Kosmos 2251 ti Rọ́ṣíà kọ lu ara wọn lókè Sìbéríà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí sátẹ́láìtì méjì tó wà lódidi máa ṣèèṣì fọ́ ara wọn.

Èwo nínú méjèèjì ló jẹ̀bi, lójú tìrẹ? Iridium ń ṣiṣẹ́ tẹlifóònù lọ́wọ́. Kosmos ti kú tipẹ́, kò lè yà fún ẹnikẹ́ni. Ìkọlù kan ṣoṣo yẹn bí àfọ́kù tó ju 2,000 tí wọ́n lè kà.

Àfọwọ́fà tún ju èèṣì lọ! Ní ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 2007, Ṣáínà fi ohun ìjà fọ́ sátẹ́láìtì tirẹ̀, Fengyun-1C, tí kò wúlò mọ́. Àfọ́kù rẹ̀ tí wọ́n ń tọpa lé ní 3,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣì ń sáré lókè.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá 2021, Rọ́ṣíà fọ́ Kosmos 1408, ó di àfọ́kù tó ju 1,500 lọ. Àwọn méje tó wà nínú ISS sá wọ inú ọkọ̀ tí wọn ì bá fi sá àsálà, ọmọ Rọ́ṣíà méjì sì wà lára wọn!

Orílẹ̀-èdè mélòó ló ti fọ́ sátẹ́láìtì ara wọn báyìí? Mẹ́rin péré: Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà àti Íńdíà. Ní oṣù Kejìlá 2022, orílẹ̀-èdè 155 dìbò ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn onímọ̀ òfurufú méjì ti rí gbogbo èyí tẹ́lẹ̀? Ní 1978, Donald Kessler àti Burton Cour-Palais kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àfọ́kù yóò máa fọ́ irin mìíràn, tí àwọn yẹn náà yóò tún máa fọ́ òmíràn, láìdúró. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ!

Tiwa náà wà níbẹ̀

Ṣé o mọ̀ pé ohùn Tafawa Balewa, olórí ìjọba Nàìjíríà nígbà kan, ti gba ojú ọ̀run kọjá? Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1963, ó bá Ààrẹ Kennedy ti Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ láti Èkó nípasẹ̀ sátẹ́láìtì Syncom 2, ọkọ̀ ojú omi Kingsport tó gúnlẹ̀ sí etíkun Èkó ló sì gba ohùn wọn. Àwọn méjèèjì ti kú. Syncom 2 tó gbé ọ̀rọ̀ wọn ṣì wà lókè, kò ṣiṣẹ́, kò já.

Takisí Yango tó ń wá ọ bọ̀ ní Zone 4, ta ló ń júwe ọ̀nà fún un? Sátẹ́láìtì GPS ni, ní nǹkan bíi kìlómítà 20,200 lókè. Kí awakọ̀ tó mọ ibi tí o dúró sí, fóònù rẹ̀ ní láti gbọ́ ohùn mẹ́rin nínú wọn ó kéré tán.

Wo àwo tẹlifíṣàn orí òrùlé tó wà níwájú rẹ. Sátẹ́láìtì tó dojú kọ wà ní nǹkan bíi kìlómítà 36,000, ní òpópónà tóóró kan ṣoṣo tó yí agbedeméjì ayé po. Ibẹ̀ nìkan ni sátẹ́láìtì ti lè dúró sójú kan lókè rẹ tọ̀sán tòru, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń du àyè níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ti sọ pé àwọn ló ni òpópónà yẹn? Ní oṣù Kejìlá 1976, àwọn orílẹ̀-èdè agbedeméjì ayé pàdé ní Bogotá, Congo, Zaire, Uganda àti Kẹ́ńyà wà lára wọn. Wọ́n kéde pé apá tó wà lókè ilẹ̀ àwọn jẹ́ tàwọn. Ayé kò gbà fún wọn.

Sátẹ́láìtì Nàìjíríà ya àwòrán ìjàǹbá Amẹ́ríkà! NigeriaSat-1, tó gòkè láti Plesetsk ní Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án 2003, wà lára àwọn tó fi àwòrán ránṣẹ́ lẹ́yìn tí ìjì Katrina jà ní 2005.

Sátẹ́láìtì Nàìjíríà mìíràn ti kú sókè rí, ṣé o rántí? NigComSat-1 gòkè ní oṣù Karùn-ún 2007. Iná tán nínú rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá 2008, àwọn tó ń darí rẹ̀ sì yà á sápá kan kó má bàa lọ kọ lu ti ẹlòmíràn. Èyí tó rọ́pò rẹ̀, NigComSat-1R, gòkè ní oṣù Kejìlá 2011.

Ta ló kọ́ NigeriaSat-X? Àwọn ẹnjiníà ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ni, nílé iṣẹ́ kan ní Surrey, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó gòkè ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹjọ 2011, lẹ́gbẹ̀ẹ́ NigeriaSat-2.

Akúrẹ́ ní sátẹ́láìtì, o gbọ́ bẹ́ẹ̀? Yunifásítì FUTA àti Yunifásítì Kyutech ti Jàpáánì ló jọ ṣe Nigeria EduSat-1, àpótí tí ìhà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. ISS ló tú u sílẹ̀ ní oṣù Keje 2017, pẹ̀lú ti Ghana tó wá láti Koforidua.

Èyí tó dùn mọ́ mi jù nípa ọmọ Akúrẹ́ yìí rèé: kò di pàǹtí. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n tú u sí, nítorí náà, nígbà tó di 2019, ó ti sọ̀ kalẹ̀ wọ inú afẹ́fẹ́ ayé, ó jóná pátápátá, ó sì fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Àlejò tó mọ ìgbà tó yẹ kó lọ nìyẹn!

Ṣé o mọ̀ pé Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọmọ Áfíríkà ní ẹ̀kọ́ yìí? Láti 1998 ni ibùdó ẹ̀kọ́ òfurufú tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ń ṣe onígbọ̀wọ́ rẹ̀ ti wà nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀.

Ta ló jókòó sórí àga alága nígbà tí gbogbo ayé ń jíròrò lórí òfurufú? Adigun Ade Abiodun, ọmọ Nàìjíríà, ló ṣe alága ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí lílo òfurufú ní àlàáfíà ní 2004 sí 2005. Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá!

Ta ni yóò sanwó?

Ṣé o mọ̀ pé kò sí orílẹ̀-èdè tó lè sọ pé òun ló ni ojú ọ̀run? Àdéhùn àgbáyé lórí òfurufú ti 1967 ló fi òfin de ìyẹn, ó sì tún sọ pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni yóò dáhùn fún ohun tó bá yìn sókè, kódà bó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ló yìn ín.

Bí irin òfurufú bá fọ́ òrùlé rẹ, ṣé ìwọ ni yóò lọ fi ẹ̀rí hàn pé ẹni tó yìn ín kò ṣọ́ra? Rárá! Àdéhùn 1972 sọ pé ohun tó bá já sórí ilẹ̀, tó sì ba nǹkan jẹ́, orílẹ̀-èdè tó yìn ín ni yóò sanwó láìjanpata. Àmọ́ ìjọba rẹ ló gbọ́dọ̀ béèrè fún ọ.

Ẹnikẹ́ni ti gba owó náà rí? Ní oṣù Kìíní 1978, Kosmos 954 ti àwọn Sófíẹ́tì já sí àríwá Kánádà, ti òun ti yuréníọ́ọ̀mù inú rẹ̀. Kánádà béèrè fún mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là. Mílíọ̀nù mẹ́ta ni wọ́n san ní 1981.

Wọ́n ti bu owó ìtanràn lé NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, rí nítorí pé ó da pàǹtí sílẹ̀! Nígbà tí ibùdó Skylab já sí ìwọ̀ oòrùn Ọsirélíà ní oṣù Keje 1979, ìjọba ìbílẹ̀ Esperance bù ú ní dọ́là 400. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí owó náà tó dé, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ rédíò kan ní California àti àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ló sì dá a!

Irin ISS wọlé onílé láìkan ilẹ̀kùn! Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2024, irin kan tí kò tó kílò kan lu òrùlé ilé kan ní Naples, ní Florida, ó sì gba inú ilé já. NASA yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní tòun ni, lára ẹrù bátìrì àtijọ́ tí wọ́n jù nù ní 2021.

Ìgbà wo ni ìjọba kọ́kọ́ bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́ lórí pàǹtí òfurufú? Oṣù Kẹwàá 2023 ni: Amẹ́ríkà gba dọ́là 150,000 lọ́wọ́ Dish Network. Ilé iṣẹ́ náà ti ṣèlérí láti gbé sátẹ́láìtì EchoStar-7 tó ti dàgbà lọ sókè ní kìlómítà 300. Kìlómítà 122 ni epo rẹ̀ gbé e dé.

Ọdún mélòó ló yẹ kí òkú sátẹ́láìtì fi wà lójú ọ̀nà? Tẹ́lẹ̀, ọdún 25 ni gbogbo ayé fi ṣe òdiwọ̀n. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, Amẹ́ríkà gé e kù sí ọdún márùn-ún fún àwọn tó bá gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìlànà wà, àbí kò sí? Ó wà: Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìlànà lórí pàǹtí òfurufú ní 2007, ìgbìmọ̀ rẹ̀ sì tún gbé ìlànà 21 jáde ní 2019 kí òfurufú lè wúlò fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Àmọ́ ìfẹ́ inú ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá kọ etí ikún sí i, kò sí ọlọ́pàá tó máa mú un.

Áfíríkà ti ń dìde, má rò pé a sùn! Nàìjíríà àti Rwanda ni àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó fọwọ́ sí àdéhùn òfurufú tí wọ́n ń pè ní Artemis, ní oṣù Kejìlá 2022, ọ̀rọ̀ pàǹtí òfurufú sì wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Kẹrin 2025, wọ́n ṣí Àjọ Òfurufú Áfíríkà ní Cairo.

Àwọn agbálẹ̀ ojú ọ̀run

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti fi àwọ̀n mú pàǹtí lókè rí? Ní oṣù Kẹsàn-án 2018, ọkọ̀ RemoveDEBRIS ju àwọ̀n, ó sì mú ohun tí wọ́n fi ṣe ìdánwò; ní oṣù Kejì 2019, ó tún fi ọ̀kọ̀ gún òmíràn. Ilé iṣẹ́ Surrey tó kọ́ NigeriaSat-1 ló kọ́ ọkọ̀ náà!

Jàpáánì rán ẹni lọ wo òkú. Ní 2024, ọkọ̀ ADRAS-J lépa ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ti wà lókè láti 2009, ó sún mọ́ ọn tó mítà 15, ó sì yà á ní fọ́tò yíká. Ẹni tó fẹ́ gbé òkú ní láti kọ́kọ́ mọ bó ṣe ń yí.

Ṣáínà tó da pàǹtí, òun náà ti gbá ilẹ̀ rí. Ní oṣù Kìíní 2022, ọkọ̀ Shijian-21 so mọ́ sátẹ́láìtì Beidou kan tó ti kú, ó wọ́ ọ kúrò ní òpópónà 36,000, ó sì gbé e lọ síbi tí kò ti ní dí ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Igi di sátẹ́láìtì! Yunifásítì Kyoto fi pákó ṣe LignoSat, wọ́n to ó láìlo ìṣó, láìlo gọ́ọ̀mù, ISS sì tú u sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá 2024. Ìdí ni pé pákó máa ń jóná tán. Kì í fi eruku irin sílẹ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Ṣé o rò pé èyí tó jóná ti tán nìyẹn? Ní 2023, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà rí i pé nǹkan bíi ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn èérún ásíìdì tó wà lókè afẹ́fẹ́ ayé ní alumíníọ́ọ̀mù àti irin mìíràn tó wá láti ara ọkọ̀ òfurufú nínú. Bí irin bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni eruku yìí yóò ṣe máa pọ̀ sí i.

Ibo ni ìtẹ́ òkú ọkọ̀ òfurufú wà? Ní gúúsù Òkun Pàsífíìkì ni, níbi tí wọ́n ń pè ní Point Nemo, tó jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 2,688 sí ilẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Apá ibẹ̀ ni wọ́n darí ibùdó Mir ti Rọ́ṣíà sí ní 2001, apá ibẹ̀ náà ni wọ́n ń múra láti sin ISS sí lẹ́yìn 2030.

Èló ni wọ́n fẹ́ fi sin ISS? Ní oṣù Kẹfà 2024, NASA gbé iṣẹ́ ọkọ̀ tí yóò rọra tì í wálẹ̀ fún SpaceX, owó náà sì lè tó mílíọ̀nù 843 dọ́là. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ṣètò ìsìnkú láti ọjọ́ tó ti ń kọ́lé kò ní náwó tó bẹ́ẹ̀.

Ṣé ó ṣeé ṣe láti mú òkú sátẹ́láìtì tí wọn kò ṣe ètò ìsìnkú fún wálẹ̀ ní pẹ̀lẹ́? Ó ṣeé ṣe! Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje 2023, ESA fi ìwọ̀nba epo tó kù nínú Aeolus darí rẹ̀ kúrò lórí ìlú, ó sì wọ inú afẹ́fẹ́ ayé láìṣe ẹnikẹ́ni léṣe.

Ọ̀rọ̀ kan fún ọ kí o tó lọ

Bí o bá rí irin àjèjì tó já láti òkè, yálà lẹ́bàá Bocanda tàbí nínú oko bàbá rẹ ní Èjìgbò, má fọwọ́ kàn án o! Epo rọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní hydrazine, oró gidi ni, ó sì lè kù sínú táńkì tó fọ́. Lé àwọn ọmọdé sẹ́yìn, ya àwòrán rẹ̀ láti òkèèrè, kí o sì ké sí àwọn agbófinró.

Kí o tún bi àwọn tó ń ṣojú rẹ, ní Abidjan, ní Abuja, ní Cotonou tàbí ní Lomé, ní ìbéèrè kan: níbi tí wọ́n ti ń ṣe òfin ojú ọ̀run, ohùn wa dà? Ẹ̀bá agbedeméjì ayé là ń gbé, ewu kí ìdí rọ́kẹ́ẹ̀tì já lé wa lórí sì ju ti New York tàbí Beijing lọ. Ẹni tó bá da pàǹtí ni kó kó o. Kò bójú mu kí abúlé tí kò yin rọ́kẹ́ẹ̀tì rí máa gba irin rọ́kẹ́ẹ̀tì sórí òrùlé rẹ̀.